Ọjọ́ Kọkànlélógún

Ìwé tí mo kà kò parí, bẹ́ẹ̀ ni kò kéré tó ohun tí mo lè fi pamọ́. Mo lo ọdún mẹ́ta ní yunifásítì ní Sáríà, físíìsì ni mò ń kọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ ní Kàdúná kógbá sílé, mo sọ fún àwọn olùkọ́ mi pé mò ń lọ sílé fún ọdún kan péré. Ọdún kan náà ni mo ṣì ń lò lọ́wọ́ títí di òní.

Ẹni tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́ rárá ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ láti kékeré. Ẹni tó kàwé jáde ní ìwé ẹ̀rí tó lè nà síni. Èmi wà láàárín àwọn méjèèjì, ibẹ̀ kò sì rọrùn láti dúró sí. Bí mo bá lọ síbi iṣẹ́ ọpọlọ, wọn á ní ìwé ẹ̀rí dà. Bí mo bá lọ síbi iṣẹ́ agbára, wọn á wo ọwọ́ mi, wọn á ní akọ̀wé ni mí.

Mo gbìyànjú iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní àdúgbò Nasarawa ní Kàdúná. Ìṣirò àti físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, n kò sì ní fi ìrẹ̀lẹ̀ èké purọ́ mọ́ ara mi, mo mọ̀ ọ́n kọ́. Lọ́jọ́ kan, àwọn aṣàyẹ̀wò dé láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jáde. Ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà fà mí lápá, ó ní kí n lọ jókòó sí ilé ìdáná títí wọn yóò fi lọ. Ìyá tó ń se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Kò bi mí ní ohun kan, ó kàn gbé àtẹ ẹ̀wà síwájú mi kí n bá òun ṣà á. Mo ń ṣa ẹ̀wà, mo sì ń gbọ́ ariwo kíláàsì mi tí kò ní olùkọ́. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè. Olùkọ́bìnrin kan ló wá pè mí nígbà tí wọ́n lọ, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, òun ni mo padà fi ṣe aya. Òun ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀.

Mo fi ilé ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀ ní ìparí táàmù náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí n kò fọwọ́ kàn. Mo ta káàdì fóònù, mo tún rédíò ṣe, mo ń lọ láti ilé dé ilé láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́sìnnì. Ọdún ń gorí ọdún. A bí ọmọ méjì, ẹ̀kẹta sì wà lọ́nà, yàrá méjì tí a ń gbé ní Kamazou kò sì fẹ̀ sí i. Owó oṣù ìyàwó mi ló ń gbé wa. A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, gbogbo ènìyàn sì mọ̀.

Ibì kan ṣoṣo tí ìwé mi ti tó ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Ará Kogí ni wá, a máa ń ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní Sabon Tasha, wọ́n sì fi mí ṣe akọ̀wé nítorí pé mo ti dé yunifásítì. Èmi ni mò ń kọ lẹ́tà ẹgbẹ́, èmi ni mò ń ka ọjọ́ ìsọmọlórúkọ fún ẹni tó bá bímọ kí a lè mọ ọjọ́ tí a máa péjọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá bí ọmọ ní Mọ́ńdè, n ó ka Mọ́ńdè náà sí ọ̀kan, ọjọ́ kẹjọ á sì bọ́ sí Mọ́ńdè kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe kọ́ mi láti kékeré, ọjọ́ tí nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ wà nínú iye rẹ̀. N kò ka ọjọ́ lọ́nà mìíràn rí.

Bàbá arúgbó kan wà ládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba, ó sì ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí abúlé rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kan tó fi ara fíríìjì tó ti kú ṣe, ẹ̀rọ tó ń bá adìẹ sàba. Èèyàn á to ẹyin sínú rẹ̀, ooru gílóòbù á máa mú wọn, bí iná bá sì lọ, àtùpà kẹrosíìnì á gbà á ṣe. Bàbá náà sọ òfin rẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Kí n máa yí ẹyin lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, kí n ṣíwọ́ yíyí, kí n bu omi kún abọ́ inú rẹ̀, kí n ti ilẹ̀kùn, kí n má sì ṣí i mọ́ títí di ọjọ́ kọkànlélógún tí wọ́n máa jáde. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bó ṣe wí. Èsúsú ìyàwó mi la fi ra ẹ̀rọ náà.

Inú mi dùn sí ẹ̀rọ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí mo kọ́ ní Sáríà wúlò fún mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo tú ohun tó ń ṣàkóso ooru rẹ̀, mo tún un tò, mo mú fáànù kékeré láti inú kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́, mo fi sí i kí ooru náà lè dé gbogbo igun. Ooru rẹ̀ kò yẹ̀ rárá. Àwọn aládùúgbò ń wá wò ó, èmi náà sì ń ṣàlàyé fún wọn bíi pé mo ti padà sínú kíláàsì.

Ẹyin tèmi ni mo kọ́kọ́ tò sínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo kà sí ọjọ́ kọkànlélógún, mo ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu. Òròmọdìẹ márùn-ún péré ni mo bá, wọ́n tutù, wọ́n ń gbọ̀n. Nínú àwọn ẹyin ìyókù, àwọn kan ti ní ihò bíńtín lára, àwọn tó kù kò tíì ṣe nǹkan kan. Mo tì í. Mo tún ṣí i. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni mò ń ṣí i. Nígbà tó di ọ̀sán, mo fọ́ ẹyọ kan láti wo inú rẹ̀. Òròmọdìẹ tí gbogbo ara rẹ̀ pé ni mo bá níbẹ̀, pupa ẹyin sì ṣì so mọ́ ìdodo rẹ̀. Ó mí lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ mi, ó kú. Mo ní aláìlera ni wọ́n, wọn ò lè jáde mọ́. Mo kó gbogbo ìyókù sínú àpò, mo dà wọ́n sórí ààtàn lẹ́yìn ilé.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló burú jù. Opó kan wà ní ìjọ wa, ó ti dàgbà, ó ń sin adìẹ ìbílẹ̀ sí àgbàlá rẹ̀ ní Sabon Tasha. Ó ní àkùkọ pupa kan tó ga, tó sì burú, àwọn ọmọ àdúgbò ń sá fún un. Ó kó ẹyin jọ, ó gbé wọn wá fún mi. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo àwọn ẹyin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí a ti máa ń ṣe láti mọ èyí tó ní ọmọ nínú. Mo rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó nà káàkiri inú wọn bíi gbòǹgbò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kò dára. Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ pé, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tèmi náà ló ṣẹlẹ̀ sí tirẹ̀. Òròmọdìẹ mẹ́rin ni mo gbé lé e lọ́wọ́ nínú páálí, ìyókù ti wà lórí ààtàn. Ó béèrè ohun tó fà á. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní àkùkọ rẹ̀ ti darúgbó, kò lágbára mọ́.

Mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa, tọ́ọ̀ṣì ti fi hàn mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé n kò mọ ohun tó pa wọ́n, kí n tó padà délé ni gbogbo ìjọ á ti gbọ́ pé ẹni tó kàwé dé ìdajì ti tún ṣe iṣẹ́ dé ìdajì. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà Kérésìmesì, ó pa àkùkọ náà, ó sì fi itan rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí wa. Ìyàwó mi sè é, àwọn ọmọ jẹ ẹ́. Èmi ní inú ń run mí.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé n kò rí ibi tí mo ti ṣì í. Ooru pé, omi pé, mo sì ń yí ẹyin déédéé, kódà mo fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ìhà méjèèjì wọn kí n má bàa gbàgbé. Èèyàn tó bá ṣe gbogbo nǹkan bó ṣe yẹ, tí kò sì rí i ṣe, kí ló kù tó máa tún ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé orí mi ni kò gbé àṣeparí.

Nínú ọyẹ́ ọdún náà ni Alhaja kan wá láti Hayin Banki. Yorùbá ni, Kàdúná ni wọ́n bí i sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Láti ìgbà tí ìjà ẹ̀sìn ti pín ìlú sí méjì, Kìrìsìtẹ́nì lápá kan, Mùsùlùmí lápá kejì, àwa tí a wà ní Kamazou kì í sábà ní iṣẹ́ ní Hayin Banki, àwọn ará ibẹ̀ náà kì í sábà sọdá wá sọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ń ta oúnjẹ adìẹ fún un ló júwe mi. Ọkọ rẹ̀ tó kú fi oko adìẹ sílẹ̀ fún un lẹ́yìn àdúgbò Kawo, ẹyin sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé wọn ka itan nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà wa ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè kan. Ó ní bí èyí bá jáde dáadáa, òun kò ní gbé ẹyin lọ síbòmíràn mọ́, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́tamẹ́ta ni òun yóò máa fi ẹyin kún ẹ̀rọ náà fún mi. Mo ka ìka mi, mo ní kó wá kó àwọn òròmọdìẹ rẹ̀ ní Sọ́ńdè, ọjọ́ kọkànlélógún. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ó ní, "To," ó dára nìyẹn lédè Hausa, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta sí ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wà ní Àbújá pè. Ó ti rí iṣẹ́ fún mi, iṣẹ́ máígádì ní ọgbà àwọn olówó kan. Wọn ò béèrè ju ìwé mẹ́wàá lọ. Ẹnu géètì ibẹ̀ ni n ó máa sùn, n ó sì máa wálé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, kò fi mí ṣẹ̀sín rárá, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn mí wọra. Orúkọ àwọn tí wọ́n máa gbà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé Sọ́ńdè tí mo dá fún Alhaja, nítorí náà kí n fún òun lésì kí Sọ́ńdè náà tó ṣú.

Ìyàwó mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká wo ẹyin Alhaja yìí ná," ló wí. "Bó bá jáde, ẹ ò lọ. Bí kò bá jáde, ẹ dákun, Dádì wọn, ẹ lọ. Oyún yìí ò ní dúró dè wá."

Mo ní mo gbọ́.  Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní láyé, kí àwọn ẹyin yẹn má kú. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà, ètè ń bẹ́, omi inú abọ́ ń gbẹ kíákíá. Iná ń lọ, iná ń dé, bí ó bá ti lọ báyìí, èmi náà á dìde síbi àtùpà. Bí àwọn ọmọ bá sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, n ó jágbe mọ́ wọn, n ó sì kábàámọ̀ rẹ̀. Mo dìde láàárín ìwàásù lọ́jọ́ kan, mo gun ọ̀kadà wálé lọ wo ọ̀pá ìwọ̀n ooru. Ó wà níbi tó yẹ kó wà. Mo jókòó tì í. Ó ti wà níbi tó yẹ kó wà nígbà méjì àkọ́kọ́ náà.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tí mo dá fún Alhaja pé. N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó mi kó àwọn ọmọ lọ. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà ní gíláàsì kékeré lójú, mo gbé ojú lé e láti òwúrọ̀. N kò rí òròmọdìẹ kan. Ẹyin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sán bíńtín, ìyókù jókòó gẹlẹtẹ bí òkúta. Nígbà méjì ni mo gbé ọwọ́ lé ìkọ́ ilẹ̀kùn, mo sì gbé e kúrò. Mo ti ń wo ara mi lẹ́nu géètì olówó, tí mò ń dìde kí ọmọdé inú mọ́tò.

Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti jẹun ọ̀sán, nígbà tí Alhaja wọlé pẹ̀lú páálí òfìfo tó so pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó kí wa, ó béèrè àwọn òròmọdìẹ rẹ̀. Mo ní kó jókòó. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Mo la ẹnu mi, ohun tó sì jáde ya èmi fúnra mi lẹ́nu.

"Alhaja," mo ní, "ó jọ pé àwọn àkùkọ yín..."

"Kí ló ṣe àkùkọ mi?"

 Alhaja dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo gíláàsì náà. Ó wá yíjú padà, ó béèrè ọjọ́ tí òun gbé ẹyin wá. Mo ní Mọ́ńdè ni. Ó béèrè ọjọ́ tí a wà. Mo ní Sọ́ńdè.

"Kí ló wá fẹ́ jáde níbẹ̀ lónìí?" ló wí. "Adìẹ tó bá jókòó lé ẹyin ní Mọ́ńdè, Mọ́ńdè ló ń kó ọmọ dìde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni. Nígbà tó o dá Sọ́ńdè fún mi, mo rò pé mọṣíìnì yín yára ju adìẹ lọ ni."

Mo mú ìwé mi wá, mo ka ọjọ́ náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mọ́ńdè ọ̀kan, Túsìdeè èjì, títí mo fi dé Sọ́ńdè, ọ̀kànlélógún. Ó tẹ́tí títí mo fi kà á tán.

"Haba, ọmọ mi. Ìsọmọlórúkọ lò ń kà yẹn. Adìẹ kì í ka ọjọ́ tó gun ẹyin. Ìgbà tó bá sùn lé e tán ló ń kà á sí ọ̀kan. Àwọn ọmọ yìí ti sùn ní ogún ọjọ́, ó ku oorun kan."

Mo tún un kà nínú ọkàn mi lọ́nà tirẹ̀, ogún ló jẹ́.  Kì í ṣe ẹyin tó wà níwájú mi ni mo ń rí, àwọn tí mo dà sórí ààtàn láàyè ni. Alhaja tẹ́ ẹní, ó kírun Àsárì rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nínú pálọ̀ wa, ó kó páálí rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́la. Ó nàka sí mi lẹ́nu ọ̀nà pé n kò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà.

Oòrùn ti ń rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kò ní pẹ́ pè. Bí mo bá sọ fún un pé n kò wá, tí ẹyin náà sì kú lọ́la, kò ní sí ẹyin, kò ní sí géètì. Bí mo bá ní mò ń bọ̀, wọ́n á kọ orúkọ mi sílẹ̀, n kò sì ní lè yí i padà lọ́la láì dójú tì í, bí ẹyin bá tilẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ ẹnu Alhaja ni mo ní, mo sì ní ìwé tí èmi fúnra mi kọ. N kò fọkàn tán èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo ní kí ìyàwó mi sọ ohun tó rí sí i.

 Ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn ńlá yẹn, ó gbé etí lé ara ẹ̀rọ náà, ó pa ojú dé. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Wọ́n ń ké," ló wí.

Mo kúnlẹ̀ tì í, mo gbé etí tèmi náà lé e. Láti inú èèpo tí kò tíì là ni mo ti gbọ́ wọn, ohùn wọn tín-ín-rín, wọ́n pọ̀.

"Ṣé àwọn ti ìjọ́sí náà ké báyìí?"

Mo ní wọ́n ké. Mo ní mo rò pé àwọn márùn-ún tó ti jáde ló ń ké.

"Àti ti màmá Sabon Tasha?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí lójú. N kò tíì sọ fún un rí pé mo mọ̀ pé àkùkọ yẹn kò ní àbùkù, àmọ́ mo rí i pé ó ti mọ̀ báyìí, láti ìgbà tí mo ti la ẹnu sọ ti àkùkọ Alhaja. Fóònù dún. Èmi ni mo nawọ́ sí i, òun ló gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun," ló wí. "Kò ní lè wá." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í bóyá ẹyin náà ti jáde. "Rárá o. Ọ̀la ni."

Ó yẹ kí inú mi dùn pé ó gbà mí gbọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo bínú sí i díẹ̀ pàápàá, nítorí pé títí di àkókò yẹn, mo ṣì ní ibi tí mo lè sá sí. Mo mú okùn tí a fi ń sá aṣọ, mo fi so ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà kí ọwọ́ mi má bàa ṣí i. Ìyàwó mi fa àga síwájú rẹ̀, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, a kò rí inú gíláàsì náà mọ́, ìyẹ́ ló kún un. Mo gé okùn. Wọ́n ti kún orí àtẹ ẹ̀rọ náà, pupa, dúdú àti aláwọ̀ iyanrìn, àwọn kan ti gbẹ, àwọn mìíràn ń fa ara wọn yọ nínú èèpo níṣojú wa. Àwọn ọmọ mi ń pariwo, n kò sì jágbe mọ́ wọn. Mo jókòó sílẹ̀, mo sọkún bí ọmọdé. Páálí Alhaja kò gbà wọ́n tán, abọ́ ńlá tí a fi ń fọṣọ la fi kó ìyókù. Ó gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó wo ìdodo rẹ̀, ó ní, "Yauwa," inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun ń kó ẹyin mìíràn bọ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó tán, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ wa láti ìgbà náà. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà nílé mi báyìí, n kò sì tíì rí ogúnjọ́ kan tí ẹ̀rù kò bà mí.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ opó Sabon Tasha ṣì wà nílẹ̀. Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀ opó náà, bẹ́ẹ̀ ni kò fi í sílẹ̀ lójú rẹ̀. Mo mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ìyá náà wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣubú. Bó bá sọ ọ́ ní gbólóhùn kan péré lẹ́yìn ìsìn pé èmi ni mo pa ẹyin òun tí mo sì purọ́ mọ́ ẹran òun, kò sẹ́ni tó máa gbé ẹyin fún mi mọ́ láti Kamazou dé Sabon Tasha. Alhaja nìkan kò sì lè bọ́ wa. Mo rò ó títí di Wẹ́sìdeè. Mo lọ.

Ó ń da ọkà bàbà sílẹ̀ fún àwọn abo adìẹ rẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Ó fún mi ní àpótí, n kò jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, bí mo ṣe ka ọjọ́, bí mo ṣe da àwọn ọmọ tó wà láàyè sórí ààtàn, pé àkùkọ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ó ṣì mú abọ́ ọkà náà dání.

"Ṣé o mọ̀ nígbà tí ò ń sọ ọ́ fún mi?"

"Mo mọ̀, Mà."

 Ó ní lọ́jọ́ tí òun fẹ́ pa àkùkọ náà, ó gun orí òrùlé lọ, òun sì dúró nísàlẹ̀ tí òun ń bú u ní ọ̀lẹ, pé ó ń jẹ ọkà òun lásán. Ó wo àwọn abo adìẹ náà.

"Wọ́n ṣì ń yé," ló wí. "Ẹyin jíjẹ ni. Kò sí ọmọ nínú rẹ̀ tí mo lè gbé wá bá ẹ."

Mo ní kó forí jì mí. Ó da ọkà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì," ló wí. "Èmi náà ò ní sọ ọ́. O ní ọmọ tó o fẹ́ bọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí erùpẹ̀ àgbàlá náà. Àwọn abo adìẹ náà ń ṣa ọkà kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi.